Tẹ́dì àkọ́kọ́ yín, láìní máṣínì: ẹ jẹ́ ká fi Ìjàpá bẹ̀rẹ̀

Ọmọ mi gbé Ìjàpá aláṣọ rẹ̀ dání lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Kubwa, l'Ábújá, lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Màmá, irú máṣínì wo lẹ fi rán an?" Mi ò ní máṣínì. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi rán an, alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ẹni tó bá lè rán bọ́tìnnì tó já padà sára aṣọ iléèwé ọmọ rẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ìdajì tó kù ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, kí n lè sinmi àlàyé.

## Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìjàpá?

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló máa ń fẹ́ rán béárì tàbí ehoro. Ẹ ní sùúrù ná. Etí ehoro tín-ín-rín, àtiyí i sójú lè mú èèyàn sunkún. Ní ti béárì, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ẹyinjú kan bá fi bíi hóró ìrẹsì kan ga ju èkejì lọ, á máa wò yín bí ẹni tó wá sin owó.

Ìjàpá kò ní wàhálà yẹn. Ara rẹ̀ rí roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ sì dà bí àtàǹpàkò ńlá. Tó bá wọ́ díẹ̀, ta ló máa mọ̀? Èyí tí mo tún fẹ́ràn jù ni pé ojú rírán mẹ́rin máa hàn lẹ́yìn rẹ̀. Tí ọmọ bá bèèrè pé kí nìyẹn, ẹ ti rí àlọ́ tẹ́ ẹ máa pa lálẹ́ ọjọ́ náà: ibi tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ nìyẹn, nígbà tó já bọ́ láti ojú sánmà.

Tí ọwọ́ yín bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ rán tìmùtìmù kékeré kan tẹ́ ẹ ó máa gún abẹ́rẹ́ mọ́. Kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Erin kékeré tí aránṣọ kan tó ń jẹ́ Margarete Steiff fi felt (aṣọ tó nípọn tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe) rán ní Jámánì ní 1880, kí wọ́n lè máa gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn ló ṣe rán an. Àwọn ọmọdé ló gbà á tí wọ́n fi ń ṣeré.

## Ẹ kó ìwọ̀nyí jọ kẹ́ ẹ tó jókòó

- Àjákù ankara kan fún ẹ̀yìn, kó má dín ní sẹ̀ǹtímítà 25 lóròó àti níbùú
- Aṣọ rírọ̀ aláwọ̀ kan fún ikùn, orí, ẹsẹ̀ àti ìrù, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45
- Fáíbà, irú èyí tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Ìdajì ìrọ̀rí kékeré kan ti pọ̀ tó
- Abẹ́rẹ́ ọwọ́ méjì, ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan gígùn
- Òwú ìránṣọ polyester. Òwú tó jẹ́ kọ́tìnnì nìkan máa ń já níbi tí ọmọ ti ń fà á
- Òwú dúdú àti funfun tó nípọn díẹ̀, fún ojú
- Pín-ìn-nì 20, kẹ́ ẹ sì kà wọ́n (màá sọ ìdí rẹ̀)
- Sísọ́ọ̀sì méjì: ọ̀kan fún aṣọ nìkan, ọ̀kan fún páálí
- Páálí kọ́nfíléèkì, báírò, rúlà, ṣọ́ọ̀kì, okùn
- Igi súyà kan, kẹ́ ẹ ti gé ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kúrò

## Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn

Ẹ má lọ ra yáàdì aṣọ. Lábẹ́ máṣínì télọ̀ àdúgbò yín, àpò kan wà níbẹ̀ tí àjákù kún inú rẹ̀ títí dé ẹnu. Ẹ ra omi tútù dání fún un, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ ṣà á. Èyí tí mo fi rán ti ọmọ mi, àjákù aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹlòmíràn ni.

Fún aṣọ rírọ̀, ìdí gwánjò, ìyẹn òkìrìkà, ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wá súwẹ́tà fleece (aṣọ òtútù tó rọ̀, tó ní irun wẹ́wẹ́ lójú) tàbí kúbùsù ọmọdé tí kò tíì gbó. Ẹ rà á kí ọyẹ́ tó dé, torí tí òtútù bá ti mú, gbogbo ayé ló ń du súwẹ́tà. Àwọn tó ń ṣe ìrọ̀rí àti àga máa ń ta fáíbà. Ní ọjà Wuse àti Garki, ẹ máa rí ìsọ̀ tó ń ta abẹ́rẹ́, òwú àti pín-ìn-nì. Ẹni tó wà ní Kánò ti mọ Kantin Kwari, ọjà aṣọ wọn, èmi kọ́ ni máa júwe rẹ̀ fún un. Tí ẹni tó ń tajà kò bá gbọ́ Yorùbá, lédè Hausa "allura" ni abẹ́rẹ́, "zare" ni òwú, "almakashi" sì ni sísọ́ọ̀sì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò kúkú jìnnà sí àlùmọ́gàjí táwa náà ń pè é.

Kẹ́ ẹ tó sanwó aṣọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

1. Ẹ fà á. Tó bá ń fà bí rọ́bà, ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ki fáíbà sí i, á wú bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán.
2. Ẹ fi èékánná ha etí rẹ̀. Tí òwú bá ń yọ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní dúró lójú rírán.
3. Ẹ tẹ́ ẹ lé ọwọ́ lójú oòrùn. Tẹ́ ẹ bá rí ìka yín nínú rẹ̀, fáíbà náà á hàn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ rẹ ankara sómi tútù mọ́jú. Tí omi bá yí àwọ̀ padà, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tún un rẹ, títí omi á fi mọ́. Àìṣe èyí ni ikùn Ìjàpá funfun ẹlòmíràn ṣe di búlúù lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.

## Ohun tẹ́ ẹ máa kì sínú rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́, torí pé ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kì sí i.

Fáíbà ló dára jù: ó fúyẹ́, ó ṣeé fọ̀, ó sì tètè ń gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ní ìrọ̀rí àtijọ́, ẹ tú u, ẹ kó fáíbà inú rẹ̀ sínú àpò ìrọ̀rí, ẹ dì í lẹ́nu, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ tú u díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tú irun orí ọmọ tó ti ta kókó.

Fóòmù wẹ́wẹ́ ńkọ́? Á máa gún yín lọ́wọ́ ní kókókókó, tó bá sì pẹ́, á di ìyẹ̀fun. Òwú àràbà, tí àwọn Hausa ń pè ní audugar rimi, rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń fò wọ imú, tẹ́ ẹ bá sì fọ̀ ọ́, á di ìṣù. Ẹ fi í sí èyí tó jẹ́ pé orí pẹpẹ lẹ máa gbé e lé. Ẹ má fi ìrẹsì tàbí ẹ̀wà sí i rárá, ohun yòówù tẹ́ ẹ ti rí lórí fídíò. Kòkòrò á wọ̀ ọ́. Mo ti rí èyí tí èkúté dá ikùn rẹ̀ lu.

Tí kò bá sí fáíbà, singlet àtijọ́ lẹ máa gé sí wẹ́wẹ́, kó má ju èékánná ìka lọ. Ìjàpá yẹn á wúwo, á sì pẹ́ kó tó gbẹ, àmọ́ ó ṣeé ṣe.

## Gígé páálí àti aṣọ

Àyè etí tẹ́ ẹ máa rán wọlé ti wà nínú gbogbo ìwọ̀n yìí. Ẹ má tún fi kún un.

1. Ẹ so okùn mọ́ báírò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí okùn mọ́ àárín páálí, kí okùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11, kẹ́ ẹ fà á yípo. Ẹ̀yìn nìyẹn, sẹ̀ǹtímítà 22 láti etí dé etí. Ẹ tún fi okùn sẹ̀ǹtímítà 9 ṣe bákan náà fún ikùn.
2. Lórí páálí ẹ̀yìn, ẹ sàmì sí ojú mẹ́rin tó jìnnà sí ara wọn bákan náà. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ ya igun mẹ́ta: sẹ̀ǹtímítà 3.5 ní etí, kí ṣóńṣó rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 6. Dáàtì nìyẹn. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ̀yìn yọ gẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé.
3. Ẹ ya orí bí àtàǹpàkò: sẹ̀ǹtímítà 7 níbùú, 8 lóròó, kí ìdí rẹ̀ tẹ́. Ẹsẹ̀ rí bákan náà, 5 níbùú, 6 lóròó. Ìrù jẹ́ igun mẹ́ta, 4 níbùú, 5 lóròó.
4. Ẹ gé páálí. Ẹ fọwọ́ pa aṣọ rírọ̀ lójú kẹ́ ẹ mọ ibi tí irun rẹ̀ ń sùn sí, kẹ́ ẹ to gbogbo páálí kó kọ ojú síbẹ̀. Òdì aṣọ lẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì yà á sí.
5. Ẹ gé aṣọ, kẹ́ ẹ kà á: ẹ̀yìn 1, ikùn 1, orí 2, ẹsẹ̀ 8, ìrù 2. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ kì í ṣe àṣìṣe o, méjì-méjì ló ń di ọ̀kan.

## Irú rírán méjì tẹ́ ẹ máa lò

Òwú tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ po méjì kò gbọ́dọ̀ gùn ju láti orí ìka dé ìgúnpá lọ. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, á lọ́. Ẹ fi ìda oyin tàbí àbẹ́là pa á lára lẹ́ẹ̀kan, kò ní máa ta kókó.

Rírán àpadà lẹ máa fi ṣe gbogbo ara rẹ̀. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ sókè, ẹ padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ẹ gún un wọlé, kẹ́ ẹ yọ ọ́ síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì. Ẹ tún padà sí ibi tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ parí sí. Ìṣísẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ. Tẹ́ ẹ bá wo ojú rẹ̀, á tò bí ti máṣínì.

Rírán àkàsọ̀ wà fún pípa ẹnu ihò dé nígbẹ̀yìn. Ẹ ṣẹ́ etí aṣọ méjèèjì wọlé. Ẹ gún abẹ́rẹ́ sínú ìṣẹ́po etí òsì, ẹ jẹ́ kó rìn nínú rẹ̀ díẹ̀ kó tó yọ. Ẹ rékọjá tààrà sí etí ọ̀tún, ẹ ṣe bákan náà. Lẹ́yìn márùn-ún, ẹ máa rí òwú tó dábùú bí ìtẹ̀sẹ̀ àkàsọ̀. Ẹ wá fà á. Òwú á wọlé, etí méjèèjì á pa ẹnu dé, bí ètè ọmọ tó kọ oúnjẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo tú u kí n lè tún un fà.

Ẹ fi irú méjèèjì dánra wò lórí àkísà fún ìdajì wákàtí kan ná.

## Rírán rẹ̀

1. Ẹ ṣẹ́ dáàtì kọ̀ọ̀kan po, ojú aṣọ sí ojú aṣọ, kẹ́ ẹ rán an láti etí lọ sí ṣóńṣó. Ẹ so òwú le níbẹ̀.
2. Ẹ kọ ojú aṣọ orí méjèèjì síra wọn, ẹ rán yípo, mìlímítà 5 sí etí. Ẹ má rán ìdí. Ẹsẹ̀ àti ìrù náà ńkọ́? Bákan náà.
3. Níbi tó bá ti yí kọrọdọ, ẹ gé etí aṣọ wẹ́wẹ́ lọ sọ́dọ̀ òwú, ṣùgbọ́n ẹ dúró kó ku mìlímítà 2. Tẹ́ ẹ bá gé òwú, ẹ ti jẹ gbèsè.
4. Ẹ yí wọn sójú. Igi súyà lẹ máa fi tì í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.
5. Ẹ fi òwú rán ojú sí orí nísinsìnyí, nígbà tí ọwọ́ yín ṣì lè wọnú rẹ̀ láti so kókó.
6. Ẹ ki fáíbà sí orí àti ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 sílẹ̀ lófìfo níbi ìdí. Ìrù kò nílò fáíbà. Ẹ fi rírán gbàgàdà (ìṣísẹ̀ gígùn-gígùn tó kàn ń dè é mọ́lẹ̀) pa ìdí wọn dé.
7. Ẹ tẹ́ ẹ̀yìn, kí ojú rẹ̀ wà lókè. Ẹ gbé orí sáàárín dáàtì méjì, kó kọ ṣóńṣó sínú, kì í ṣe síta, kí etí rẹ̀ bá etí ẹ̀yìn dọ́gba. Ẹsẹ̀ iwájú á wà lẹ́yìn dáàtì iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́yìn dáàtì ẹ̀yìn, ìrù láàárín. Ẹ fi rírán gbàgàdà dè wọ́n mọ́lẹ̀.
8. Ẹ da ikùn bò ó, ojú sí ojú. Ẹ fi pín-ìn-nì dè é yípo. Tí ẹ̀yìn bá tóbi díẹ̀ ju ikùn lọ, ẹ pín in kárí, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan.
9. Ẹ rán yípo, mìlímítà 7 sí etí. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 7 sílẹ̀ láìrán láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ rán ibi ọrùn àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ni ọmọ máa fi gbé e.
10. Ẹ yọ pín-ìn-nì, kẹ́ ẹ kà wọ́n. 20 wọlé, 20 gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá ku ọ̀kan, ẹ má tẹ̀ síwájú.
11. Ẹ yí i sójú láti ihò yẹn. Orí ló máa ń ṣagídí. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fà á jáde ṣáájú.
12. Ẹ ki fáíbà sí i. Ìwọ̀n ẹyin adìyẹ ni kẹ́ ẹ máa já, kẹ́ ẹ fà á tú kó tó wọlé. Etí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà àárín. Nígbà tẹ́ ẹ bá rò pé ó ti kún, ẹ fi ìkúnwọ́ méjì sí i, torí ó ń bọ̀ wá rọ̀.
13. Ẹ fi rírán àkàsọ̀ pa á dé. Ẹ so kókó, ẹ gún abẹ́rẹ́ gígùn la ikùn já sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kẹ́ ẹ gé òwú níbẹ̀, kó lè padà wọnú.

Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ ń ṣe é, fáíbà á máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ àti láṣọ bí ẹni tó ní ẹjọ́ pẹ̀lú yín. Ẹ fi omi pa ọwọ́ díẹ̀. Nígbà ooru ẹ̀wẹ̀, ẹ pa fáànù. Ẹni tí kò bá pa á máa ṣa fáíbà kiri pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

## Bọ́tìnnì kọ́ ni ojú ọmọ kékeré

Tí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún kò bá tíì pé ọmọ ọdún 3, ẹ má fi bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ojú oníke sí i. Òwú ni kẹ́ ẹ fi rán an. Mo fi bọ́tìnnì dúdú dáradára méjì sí èyí tí mo kọ́kọ́ rán, mo sì rò pé mo rán an le. Ọmọ àlejò kan fi eyín fa ọ̀kan já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo gbọ́ ìró rẹ̀, kó, láàárín eyín rẹ̀. Ẹ ò lè gbẹ́kẹ̀ lé òwú yín débẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, ẹ má tẹ́ tẹ́dì kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn, bó ti wù kó rọ̀ tó. Ẹ gbé e sórí àpótí, kó dúró dìgbà tó bá jí.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Ẹsẹ̀ há sínú ikùn. Èmi náà ṣe é. Mo kọ orí àti ẹsẹ̀ síta dípò inú. Nígbà tí mo yí i sójú, mo rí roboto kan tí kò lórí, tí nǹkan márùn-ún ń ta nínú rẹ̀. Ọmọ mi wò ó, ó ní, "Mọ́mì, ó ti wọlé lọ." Títú ló kù.

Fáíbà ń yọjú. Ìṣísẹ̀ yín gùn jù. Ẹ tún un rán láti òde pẹ̀lú rírán àkàsọ̀.

Etí rẹ̀ ń hunjọ. Ẹ ò gé e wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó yí i.

Orí ń ṣubú. Fáíbà ọrùn kéré. Ẹ tú ihò, kẹ́ ẹ fi igi súyà ki díẹ̀ sí ìdí ọrùn láti inú ikùn.

## Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà míràn

Ẹni tó ní máṣínì lè lò ó fún dáàtì àti yíyípo ìgbẹ̀yìn: abẹ́rẹ́ 90/14, ìṣísẹ̀ mìlímítà 2 sí 2.5. Orí àti ẹsẹ̀ kéré jù fún máṣínì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ rán an. Tẹ́ ẹ bá rí télọ̀ alárìnká tó gbé máṣínì léjìká kọjá, ẹ lè ní kó bá yín rán yíyípo náà. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ fún un tán kẹ́ ẹ tó pè é, torí kò ní dúró gbọ́ àlàyé.

Ṣé kẹ́ ẹ tà á? Ẹ rán márùn-ún ná, kẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ aládùúgbò, kẹ́ ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Ibi tó ti ya lẹ máa mọ̀ pé ọwọ́ yín ò tíì le.

## Fífọ̀

Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un bí aṣọ. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kẹ́ ẹ tẹ omi jáde, kẹ́ ẹ gbé e sóòrùn, ikùn lókè, kẹ́ ẹ yí i tó bá di ọ̀sán. Ẹ má tètè gbé e padà fún ọmọ. Ẹ tẹ àárín ikùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Tó bá ṣì tutù níbẹ̀, inú rẹ̀ kò tíì gbẹ.